Òṣùwọ̀n ìṣesí wo ló yẹ ibi iṣẹ́ yín? Mo fi márùn-ún wéra

Bí oṣù kejì bá ti ń parí lọ tí kajú bẹ̀rẹ̀ sí í já, ọwọ́ kì í dilẹ̀ ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa ní Kàbà, ní ìpínlẹ̀ Kogi. Ọkọ̀ akẹ́rù á tò sí ẹnu ọ̀nà, àwọn àgbẹ̀ láti apá Bùnú àti Ìjùmú á jókòó sórí àpò ìdọ̀họ, wọn á máa retí owó wọn. Àwa mọ́kànlá là ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èmi ni akọ̀wé. Àsìkò yìí gan-an ni ìjà máa ń bẹ́ láàárín wa, nítorí ẹni tó ti rẹ̀ kì í fetí sílẹ̀ dáadáa.

Ní ọdún tó kọjá, ìjà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká. Màmá tó ń mójú tó stọ́ọ̀ àti àbúrò wa tó ń kọ ìwé owó kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Bí àbúrò bá ní ìbéèrè nípa iye kílò, á kọ ọ́ sórí bébà pélébé, á fi rán ọmọ ọ́fíìsì sí Màmá. Lójú Màmá, ọmọ tí àkọ́bí òun jù lọ ni kò lè dìde wá kí òun ní "Okun o", ìkíni àwa ará Okun, kó tó béèrè ọ̀rọ̀. Lójú àbúrò, ohun tí a bá kọ sílẹ̀ ni kì í di àríyànjiyàn. Alága wa ní ká wá ìdánwò ìṣesí kan tí yóò jẹ́ ká mọ irú ènìyàn tí oníkálukú jẹ́. Bí mo ṣe bọ́ sínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Mo ti kà nípa rẹ̀, a sì ti dán mẹ́ta wò nínú márùn-ún tí mo fẹ́ sọ. Àwọn olórí ilé ẹ̀kọ́ àti ti ilé ìwòsàn tí mo mọ̀, láti Ìsánlú dé Ẹ̀gbẹ̀, ń bi mí pé èwo ni kí àwọn mú, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí mo fi ń lo "ìṣesí" dípò "ìwà". Bí Yorùbá bá ní ẹnì kan níwà, ìyìn ni. Bí wọ́n bá ní kò níwà, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Àwọn òṣùwọ̀n wọ̀nyí kò wọn rere tàbí ibi. Wọ́n kàn ń sọ bí ènìyàn ṣe sábà máa ń ṣe ni. Nígbà tí a kọ́kọ́ kọ "ìwà" sórí ìwé ìbéèrè wa, obìnrin kan nínú wa dá ìwé náà padà. Ó ní Ọlọ́run nìkan ló ń wọn ìwà òun. A yí ọ̀rọ̀ náà padà, ó sì gbà á.

Owó ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò pọ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ bíi tiwa. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́kẹ̀lé ló wúwo jù lójú mi: bí ẹnì kan náà bá tún ìdánwò náà ṣe lẹ́yìn oṣù kan, ṣé ohun kan náà ni yóò sọ? Ṣé ó sì ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú bí ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ má fi "ó bá mi mu gan-an" ṣe ẹ̀rí. Ní 1948, Bertram Forer, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ṣe ìdánwò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó sì fún oníkálukú ní ìwé tó ṣàpèjúwe irú ẹni tó jẹ́. Ó ní kí wọ́n fún ìwé náà ní máàkì, kí wọ́n sọ bó ṣe bá wọn mu sí. Ìpíndọ́gba máàkì náà lé ní 4 nínú 5. Àṣé ìwé kan náà ló pín fún gbogbo wọn.

Ìkẹta ni bóyá ó bá ilé wa mu. Ọmọ ogún ọdún tó dákẹ́ níwájú alága lè jẹ́ ọlọ́yàyà tí kì í dákẹ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀wọ̀ ló pa á lẹ́nu mọ́. Òṣùwọ̀n tí kò bá mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀wọ̀ àti ìṣesí yóò ṣì wá lọ́nà. Ìkẹrin, kí ni yóò ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe é tán? Bó bá jẹ́ ìnagijẹ ló ṣẹ́kù, ó sàn kí ẹ má ṣe é rárá.

Oríṣi mẹ́rin tí a gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì

Sanguine (ọlọ́yàyà), choleric (onínúfùfù), melancholy (aláròjinlẹ̀), phlegmatic (ẹni jẹ́jẹ́). Púpọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n láti kíláàsì àwọn tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Ó ti pẹ́ gan-an: láti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn Gíríìkì àtijọ́ ló ti wá, Hippocrates àti Galen, tí wọ́n gbà pé omi ara mẹ́rin ló ń darí ènìyàn, ìyẹn ẹ̀jẹ̀, òróòro pupa, òróòro dúdú àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ìwé tí Tim LaHaye, pásítọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ jáde ní 1966 ló gbé e wọ inú ìjọ káàkiri.

Kò náni ní kọ́bọ̀, gbogbo ènìyàn ló sì ti mọ orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n ìṣègùn ti fi ọ̀rọ̀ omi mẹ́rin náà sílẹ̀ tipẹ́, kò sì sí ìdánwò kan pàtó tí gbogbo ènìyàn gbà. Ohun tí kò jẹ́ kí n mú un wọ ọ́fíìsì ni pé ó ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Mùsùlùmí mẹ́ta wà láàárín wa. Mi ò fẹ́ kí wọ́n jókòó síbi tí yóò dà bíi pé ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni à ń kọ́ wọn.

MBTI

Myers-Briggs Type Indicator ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Èyí ni àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ jù. Katharine Briggs àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Isabel Briggs Myers, ló ṣe é láti inú èrò Carl Jung, onímọ̀ ọkàn ẹ̀dá ará Switzerland, ẹni tó kọ ìwé rẹ̀ lórí oríṣi ènìyàn ní 1921. Ìbéèrè mẹ́rin ló wà nídìí rẹ̀: ṣé àárín ọ̀pọ̀ ènìyàn lo ti ń rí agbára, àbí nígbà tí o bá dá wà? Ṣé ohun tí ojú rí lò ń tẹ̀ lé, àbí ohun tí ọkàn rẹ ń fura sí? Ṣé làákàyè lo fi ń pinnu, àbí bó ṣe máa rí lára ẹlòmíràn? Ṣé ohun tó létò lo fẹ́, àbí èyí tó ṣì ṣí sílẹ̀? Ìdáhùn mẹ́rin yìí ló ń bí oríṣi ènìyàn 16.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nǹkan bí 60 dọ́là ni ojúlówó rẹ̀ fún ẹnì kan. Ẹ ṣírò ìyẹn fún ènìyàn mọ́kànlá kí ẹ tó ronú nípa ẹni tí yóò ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Èyí tí àwọn ọmọ wa ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ lórí foonu, 16Personalities, kì í ṣe MBTI. Lẹ́tà tó jọ ti MBTI ló ń lò, ṣùgbọ́n orí ìlànà Big Five tí mo máa sọ nísàlẹ̀ ló gbé ìwọ̀n rẹ̀ lé.

Ìṣòro rẹ̀ kò le ṣàlàyé fún ẹni tó bá ti dúró ti òṣùwọ̀n kajú rí. Bí a bá sọ pé gbogbo àpò tó bá kọjá kílò 80 ni "ńlá", tí èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀ sì jẹ́ "kékeré", àpò kílò 79 àti ti kílò 81 yóò gba orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nígbà tí ti kílò 81 àti ti kílò 120 yóò jẹ́ orúkọ kan náà. Bí MBTI ṣe ń pín ènìyàn nìyẹn. Àárín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì wà. Ìdí nìyí tí ìwádìí kan fi rí i pé bí wọ́n bá tún ìdánwò náà ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún, àwọn tí lẹ́tà wọn yí padà lè tó ìdajì. Ó dùn ún fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́, mi ò ní purọ́. Kí ẹ má kàn fi pín iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni.

DISC

William Moulton Marston, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ló gbé èrò yìí jáde nínú ìwé tó kọ ní 1928. Òun kan náà ló dá Wonder Woman, akọni obìnrin inú ìwé àwòrán, sílẹ̀ ní 1941. Kì í ṣe òun ló ṣe ìdánwò náà fúnra rẹ̀, àwọn ẹlòmíràn ló kọ́ ọ sórí èrò rẹ̀, ilé iṣẹ́ púpọ̀ ló sì ń tà á lónìí ní iye owó tó yàtọ̀ síra. D ni ẹni tó ń ti iṣẹ́ síwájú, I ni ọlọ́yàyà tó ń fa ènìyàn mọ́ra, S ni ẹlẹ́sọ̀ tó fẹ́ kí nǹkan máa lọ bó ṣe ń lọ, C ni ẹni tó fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ péye.

A sanwó fún olùdánilẹ́kọ̀ọ́ kan láti wá ṣe èyí fún wa. Ọjọ́ náà dùn. Kódà mo kọ́ ohun kan tí mo ṣì ń lò: alága wa fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kúrú, nítorí náà orí ọ̀rọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ kọ sí i lórí WhatsApp, kí àlàyé tó tẹ̀ lé e. Àbúrò wa fẹ́ iye àti déètì, mo sì ń fún un. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ nínú ọgbà pé, "Ẹ má dá a lóhùn, ṣebí D ni." Nígbà tó fi máa pé oṣù méjì, lẹ́tà ti di àwáwí. Ẹni tó bá jágbe mọ́ àgbẹ̀ á ní bí wọ́n ṣe dá òun nìyẹn. Inú mi bàjẹ́ gan-an, nítorí èmi ni mo ní ká pè é.

DISC rọrùn ju gbogbo wọn lọ láti rántí, ibẹ̀ ni ewu rẹ̀ sì wà. Ẹ̀rí pé ó lè sọ bí ènìyàn yóò ṣe ṣiṣẹ́ kò tó ti Big Five rárá. Bí ẹ bá máa lò ó, ẹ lò ó fún bí a ṣe ń ránṣẹ́ síra ẹni, kí ẹ sì fòfin de pípe ara yín ní lẹ́tà láti ọjọ́ kìíní.

Big Five

Mo fẹ́ kí a pẹ́ níbí. Inú ìwé atúmọ̀ èdè ni ìlànà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1936, Gordon Allport àti Henry Odbert, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ṣa ọ̀rọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 18,000 nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a lè fi júwe ènìyàn. Èrò wọn ni pé ohun tó bá ṣe pàtàkì nínú ìbágbé ẹ̀dá yóò ti ní orúkọ nínú èdè. Àwọn mìíràn wá ń pa ọ̀rọ̀ náà pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ó fi ku márùn-ún: ìfẹ́ ohun tuntun, ìfarabalẹ̀ ṣiṣẹ́ dójú àmì, ọ̀yàyà, ìrọ̀rùn ìbágbé, àti bí ọkàn ṣe tètè ń dààmú sí. Kò pín ènìyàn sí oríṣi. Iye ló ń fún ọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí òṣùwọ̀n ṣe ń sọ kílò.

Ọ̀fẹ́ ni bí ẹ bá mọ ibi tí ẹ ó gbà. Àkójọ ìbéèrè kan wà tí wọ́n ń pè ní IPIP (International Personality Item Pool), tí kò sí lábẹ́ ẹ̀tọ́ oníǹkan: ẹnikẹ́ni lè dà á kọ, kó túmọ̀ rẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́, láìgba àṣẹ. Èyí tó gùn ní ìbéèrè 300, èyí tó kúrú jù nínú àwọn tí mo mọ̀, Mini-IPIP, ní 20 péré. Ti ìgbẹ́kẹ̀lé sì ń kọ́? Ní 1991, Murray Barrick àti Michael Mount kó àbájáde ìwádìí púpọ̀ pọ̀, wọ́n rí i pé ìfarabalẹ̀ ṣiṣẹ́ ní í ṣe pẹ̀lú bí ènìyàn ṣe ń ṣe dáadáa nínú gbogbo irú iṣẹ́ tí wọ́n yẹ̀ wò. Mi ò rí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ fún MBTI tàbí DISC.

A túmọ̀ 20 náà sí Yorùbá lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ọ́fíìsì, ní oṣù kẹfà tí iṣẹ́ dẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ jù. Ìbéèrè kan ní ṣé o máa ń bá onírúurú ènìyàn sọ̀rọ̀ níbi àríyá. Bàbá tó ń wa ọkọ̀ wa béèrè pé, "Àríyá ta ni? Bó bá jẹ́ òkú àna mi ni, mo wá gbé àwo ni, mi ò wá sọ̀rọ̀." Òmíràn ní ṣé o máa ń fẹ́ dúró lẹ́yìn láìjẹ́ kí wọ́n rí ọ. Ọmọ ọ́fíìsì wo ojú mi, ó ní, "Níwájú àwọn wo, sà?" Òótọ́ ló sọ. Níwájú àwọn àgbà, ẹ̀kọ́ ilé ni kí ó dúró lẹ́yìn. A wá kọ ọ́ sí ọ̀nà méjì: láàárín ẹgbẹ́ mi, àti níwájú àwọn tó jù mí lọ. Ìdáhùn rẹ̀ sí méjèèjì jìnnà síra bí ọ̀sán àti òru. Lóòótọ́, bí a bá ti yí ìbéèrè padà báyìí, a kò lè fi iye tiwa wé ti àwọn ará ìlú òkèèrè mọ́. Kò dùn mí. Ara wa la fẹ́ mọ̀.

Ẹ má sì rò pé márùn-ún náà jẹ́ òfin gbogbo ayé. Nígbà tí Michael Gurven àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn Tsimane, àwọn tó ń dáko tí wọ́n sì ń ṣọdẹ nínú igbó Bolivia, àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013 fi hàn pé márùn-ún náà kò jáde kedere. Ó wù mí kí ẹnì kan nínú àwọn onímọ̀ wa ṣa ọ̀rọ̀ Yorùbá bí Allport ṣe ṣa ti Gẹ̀ẹ́sì, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọlọ́yàyà, ahun, afínjú, oníwàdùwàdù, aláròjinlẹ̀, kí a wo iye tí yóò kù.

Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé ó ń sọ irú ẹni tí o jẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ohun tó yẹ kí ẹ ṣe. Ìròyìn pé ọkàn ẹnì kan tètè ń dààmú kò sì yẹ kí ó jáde síta. Ẹni tó ṣe ìdánwò náà nìkan ni kí ó rí iye tirẹ̀.

Belbin

Èyí yàtọ̀ sí àwọn yòókù, nítorí pé ipa tí ènìyàn ń kó nínú iṣẹ́ àjọṣe ló ń wò. Meredith Belbin, onímọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wo àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣe eré ìdíje òwò ní Henley, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún ọdún púpọ̀, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1981. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé ẹgbẹ́ tó kó àwọn ọlọ́pọlọ pípé jù lọ jọ, tó pè ní Apollo, sábà máa ń kùnà. Kálukú ń wá àléébù nínú ọ̀rọ̀ ẹnì kejì. Ipa mẹ́sàn-án ló wà báyìí: ẹni tó ń mú èrò tuntun wá, ẹni tó ń wá ojú ọ̀nà níta, ẹni tó ń kó ènìyàn jọ, ẹni tó ń ti iṣẹ́ síwájú, ẹni tó ń wọn ọ̀rọ̀ wò, ẹni tó ń pẹ̀tù sí aáwọ̀, ẹni tó ń sọ èrò di iṣẹ́, ẹni tó ń parí iṣẹ́ láìku ìyókù, àti ẹni tó mọ iṣẹ́ kan dójú ìdí. Ó gbà pé ipa kọ̀ọ̀kan ní àìlera tí a lè fara dà. Mo fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀.

Owó ni ìròyìn tí àwọn olóhun ń tà, àwọn onímọ̀ kan sì ti bu ẹnu àtẹ́ lu bí ìdánwò náà ṣe ń wọn nǹkan. Adrian Furnham wà lára wọn ní 1993. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí n kò rí nínú àwọn yòókù bẹ́ẹ̀: kì í ṣe ìwọ nìkan lo máa sọ irú ẹni tí o jẹ́, àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ yóò sọ ohun tí wọ́n ń rí.

Agbára wa kò ká a láti ra ìròyìn. Mo kọ ipa mẹ́sàn-án náà sílẹ̀ ní Yorùbá, mo ní kí oníkálukú kọ èyí tó rí lára ẹnì kọ̀ọ̀kan, láìkọ orúkọ ara rẹ̀. Nítorí a mọ ìkọ̀wé ara wa, mo tẹ gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà kí n tó pín in. Láìsí ìyẹn, kò sí ọmọdé tí yóò sọ òótọ́ nípa àgbà. Ènìyàn mẹ́jọ ló kọ ọ́ pé Màmá ni ẹni tó ń parí iṣẹ́ láìku ìyókù. Ó kà á, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Èmi rò pé ẹ rò pé mò ń fi iṣẹ́ falẹ̀ ni."

Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí a kò mọ̀ láti ọjọ́ yìí. Stọ́ọ̀ máa ń ṣú láti agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Pẹ́ńsù ni àbúrò fi ń kọ bébà rẹ̀, iye rẹ̀ á kéré, Màmá á ní láti gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà kó tó lè kà á, tí àwọn alábàárù sì ń dúró. Àbúrò dọ̀bálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. A ra iná sólà kan àti ìwé ńlá onílà gbígbòòrò. Ní báyìí, á rìn wá, á ní "Okun o, Mà," á béèrè, wọn á sì jọ kọ ọ́ sínú ìwé náà. Ìdajì ohun tí a pè ní ìjà ìṣesí jẹ́ ọ̀rọ̀ iná. Nítorí náà, kí ẹ tó wọn ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ rìn yíká ibi iṣẹ́ yín.

Ta ni kó mú èwo?

Bí ẹ kò bá tó ènìyàn márùn-ún, bíi ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tàbí ilé oògùn kékeré, ẹ má ra nǹkan kan. Ẹ fi ipa mẹ́sàn-án Belbin sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó tó.

Ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìwòsàn tó ní òṣìṣẹ́ láti ogún lọ sókè, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Ìgbìrà, Ígálà, Nupe àti àwa Okun pọ̀: ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Big Five láti IPIP, ní èdè tí oníkálukú gbọ́ jù, kí ẹ kọ ìbéèrè tó bá kan ọ̀wọ̀ sí ọ̀nà méjì bí a ti ṣe. Ẹ fi Belbin tẹ̀ lé e.

Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí ẹ ń fi ránṣẹ́ síra yín nìkan ló ń dá ìjà sílẹ̀, tí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń lọ geere, DISC lè ràn yín lọ́wọ́, pẹ̀lú òfin tí mo sọ lókè. MBTI wà fún àwọn ọ̀dọ́ tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, fún ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Oríṣi mẹ́rin ti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ jẹ́ kó wà nílé.

Fún gbígba ènìyàn síṣẹ́ tàbí fífún ni ní ipò, ẹ má lo ìkankan nínú ohun tí mo júwe yìí. Àwọn tó ni MBTI gan-an sọ pé kò tọ́ kí a fi í gba ènìyàn síṣẹ́, ẹni tó ń wá iṣẹ́ sì mọ ìdáhùn tí ẹ fẹ́ gbọ́.

Ẹ ṣe é nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Fún àwa tó ń ra kajú, ìyẹn ni oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, nígbà tí òjò ti gbalẹ̀ tí òṣùwọ̀n wà lábẹ́ tápólì.